Títa Ọjà Fún Ẹni Tí Kò Rí Wa



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí ó ti ń pàtẹ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, èmi ni mo bá a ya àwòrán àwọn aṣọ náà. Nítorí pé mo fẹ́ kí ọjà tà, mo fi kọ̀ǹpútà mú kí aró wọn tàn ju bí ó ti rí lọ. Ọjà tà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù méjì tí ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni kan ní aṣọ tí òun rí kọ́ ni wọ́n gbé wá fún òun. Ẹlòmíràn ní kí a dá owó òun padà. A sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Àwọn oníbàárà náà kò bá wa jà títí. Wọn kò kàn padà wá mọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bi mí léèrè lórí tẹlifóònù pé, “Àbúrò mi, ìwọ tí o wà láàárín àwọn òyìnbó, báwo ni wọ́n ṣe ń tajà fún ẹni tí kò rí wọn?” Ìbéèrè yìí ni ó lé mi lọ sí ilé ìkàwé. Ohun tí mo bá bọ̀ nìyí.

Òwò yìí ti wà tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ìlú Newtown ní ilẹ̀ Wales, ọkùnrin aláṣọ kan wà tí ń jẹ́ Pryce Pryce-Jones, tí a bí ní ọdún 1834. Aṣọ onírun àgùntàn ti àdúgbò rẹ̀ ni ó ń tà. Nígbà tí ojú irin dé ìlú wọn, ó rí i pé òun kò ní láti jókòó de ẹni tí ó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé ìpàtẹ ọjà ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn nípa pósítọ́fíìsì. Àwọn náà ń kọ lẹ́tà padà, ó sì ń fi réluwé kó ẹrù ránṣẹ́ sí wọn. Ọbabìnrin Victoria pàápàá di oníbàárà rẹ̀. Ní ọdún 1879 ó kọ́ ilé ńlá kan tí ó ń kó ọjà sí. Ibo ni ó kọ́ ọ sí? Ẹ̀bá ibùdókọ̀ réluwé gan-an ni. Ọgbọ́n kìíní nìyẹn: ẹni tí ó bá fẹ́ tajà fún ará ọ̀nà jíjìn, kí ó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ẹrù yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, Aaron Montgomery Ward ni ó là á lójú. Ó ti rin ìgbèríko káàkiri gẹ́gẹ́ bí aṣojú àwọn oníṣòwò, ó sì ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bí àwọn àgbẹ̀ ti ń ráhùn pé ọjà ìlú àwọn gbówó lórí jù. Iná ńlá tí ó jó Chicago ní ọdún 1871 jó ọjà tí ó kọ́kọ́ kó jọ. Kò jẹ́ kí èyí dá òun dúró. Ní ọdún 1872 ó tẹ ìwé ìpàtẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, abala ìwé kan ṣoṣo, tí ọjà 163 wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fura sí i. Ìwé ìròyìn kan ní Chicago tilẹ̀ pè é ní gbájú-ẹ̀ kí ó tó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Kí ni Ward ṣe? Ní ọdún 1875 ó ṣe ìlérí pé bí ọjà kò bá tẹ́ ẹni tí ó rà á lọ́rùn, kí ó dá a padà, kí ó sì gba owó rẹ̀. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn, ojú tì mí. Ohun tí àwa kọ sórí ọjà tiwa ni ọkùnrin yìí ti dojú rẹ̀ délẹ̀ ní èyí tí ó lé ní ogóje ọdún sẹ́yìn.

Lẹ́yìn Ward ni Richard Sears dé. Òṣìṣẹ́ réluwé ni ní Minnesota. Ní ọdún 1886 oníṣòwò kan kọ àpótí aago kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Sears rà á, ó sì tà wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ réluwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wá gba Alvah Roebuck, ẹni tí ó mọ aago tún ṣe, mọ́ra. Sears mọ ọ̀rọ̀ kọ. Ó lè fi gègé ta yìnyín fún ará ilẹ̀ olótùútù, ṣùgbọ́n àsọdùn máa ń wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Julius Rosenwald tí ó wọlé ní ọdún 1895 ni ó mú ètò wá. Ó fẹ́ kí ohun tí ìwé ìpàtẹ wí àti ohun tí ó wà nínú àpótí jẹ́ ọ̀kan náà. Ní ilé ńlá tí wọ́n ṣí ní Chicago ní ọdún 1906, wọ́n ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àkókò tí ọjà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń dì í. Ọ̀rọ̀ dídùn ni ó pe oníbàárà wá. Ètò ni kò jẹ́ kí ó lọ.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ó kan àwa ènìyàn dúdú. Ní gúúsù Amẹ́ríkà nígbà náà, bí ènìyàn dúdú bá wọ ṣọ́ọ̀bù, aláwọ̀ funfun ni wọn yóò kọ́kọ́ dá lóhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ó dé. Ìwé ìpàtẹ kò mọ àwọ̀. Ẹni tí ó bá fi lẹ́tà ra ọjà ń san iye tí gbogbo ayé ń san, kò sì sí ẹni tí yóò wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Rosenwald yìí kan náà ni ó dáwó pẹ̀lú àwọn ènìyàn dúdú fúnra wọn láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ó tó 5,000 fún àwọn ọmọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Britain. Ní ọdún 1979 Michael Aldrich so tẹlifíṣàn pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà nípa wáyà tẹlifóònù, kí a lè fi rajà. Ní ọdún 1984, ìyá àgbà ẹni ọdún 72 kan ní Gateshead, Jane Snowball, jókòó sílé rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, wọ́n sì gbé ẹyin, bọ́tà ìgbàlódé tí à ń pè ní màgárínì, àti kọnfílééèkì wá bá a láti Tesco. Ọ̀nà ti yí padà. Iṣẹ́ kò yí padà.

Ibi tí ìtàn yìí ti dun ni nìyí. Ní ọdún 1993 ilé iṣẹ́ Sears dá ìwé ìpàtẹ ńlá rẹ̀ dúró. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1994, Jeff Bezos dá Amazon sílẹ̀. Ní 1995 ó bẹ̀rẹ̀ sí ta ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tí àwọn ti Sears fi bí ọgọ́rùn-ún ọdún mọ̀ ni ẹlòmíràn gbé, tí ó fi di olówó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, àwọn tí ó ni Sears lọ sí kóòtù, wọ́n ní gbèsè ti wọ àwọn lọ́rùn.

Nílé tiwa ńkọ́? Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ti ń kó aṣọ lọ sí ìlú onílùú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Wọ́n mọ ilé oníbàárà, wọ́n mọ ìgbà tí owó kòkó ń wọlé. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò jáde, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi gbà á. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Nígbà tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, ìfura oníbàárà ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé, ni wọ́n bá ní kí ènìyàn rí ọjà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó sanwó.

Èsì tí mo kọ sí ẹ̀gbọ́n mi kò gùn. Mo ní: ẹ jẹ́ kí a ya àwòrán aṣọ nínú oòrùn, bí ó ti rí gan-an, ẹ jẹ́ kí a kọ gígùn àti ìbú rẹ̀, kí a sì sọ bí aró bá ń ṣí, ẹ jẹ́ kí a ní ìwé tí a ń kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sí, ọjọ́ tí a bá dá, kí a má yẹ̀ ẹ́, ẹni tí ọjà kò bá sì tẹ́ lọ́rùn, kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó pa ìkìlọ̀ àtijọ́ rẹ́. Ó tún kọ̀wé sí àwọn tí a ti ṣẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, ó sì dá owó wọn padà. Èrè oṣù náà lọ sí i. Obìnrin kan láti Ìbàdàn ti padà wá rajà. Àwọn yòókù kò tíì dáhùn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò tilẹ̀ tó oṣù méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ará tí ń ṣòwò nílé, ẹ bá wọn sọ ọ́.

Ire o.