Ẹ̀tọ́ onílé lórí ilẹ̀ tí wáyà iná gbà kọjá (Adum, Kumasi)

Ní Adum, àárín ọjà Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, wáyà iná àti páìpù omi ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé àti ìsọ̀ kọjá. Òfin 1963 (Act 186) fún ìjọba lágbára láti gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gba orí ilẹ̀ onílẹ̀. Òfin Ilẹ̀ 2020 (Act 1036) ló rọ́pò rẹ̀. Ilẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, àmọ́ onítọ̀hún kò lè kọ́lé sábẹ́ wáyà bó ṣe wù ú mọ́. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ pátápátá, abala 20 Òfin Ìpìlẹ̀ 1992 ní kí wọ́n tètè san owó gbà-má-bínú tó tọ́. Kumasi tún ní tirẹ̀: abẹ́ Asantehene, ọba àwọn Ashanti, ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wà, nítorí náà ọ̀pọ̀ “onílé” ló jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n háyà ilẹ̀. Àjèjì, títí kan Yorùbá tó wá láti Nàìjíríà, kò lè háyà ju ọdún 50 lọ lẹ́ẹ̀kan (abala 266 Òfin Ìpìlẹ̀).