Oògùn Tí A Lọ Kúnná: Bí Nánò Ṣe Wọ Iṣẹ́ Egbòogi

Oògùn tí kò bá yòrò nínú ìfun, ìgbẹ́ ni yóò bá jáde. Bó ti wù kó lágbára tó nínú ìgò àyẹ̀wò, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yòrò sínú omi inú ìfun kí ẹ̀jẹ̀ tó lè gbé e débi tí àìsàn wà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èròjà tí àwọn onímọ̀ ń ṣàwárí láyé òde òní ni kì í bá omi rẹ́. Ní 1995, Gordon Amidon àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín oògùn sí ìsọ̀rí 4, wọ́n wo bó ṣe ń yòrò àti bó ṣe ń gba ara ìfun kọjá. Ìsọ̀rí kejì, ìyẹn àwọn tó ń kọjá wẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tí wọn kì í fẹ́ yòrò, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ní 1897 ni Arthur Noyes àti Willis Whitney, ní MIT ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwọ̀n bí nǹkan líle ṣe ń yára yòrò tó. Nígbà tó di 1904, Walther Nernst àti Erich Brunner ní Jámánì fi hàn pé bí ojú tí nǹkan náà fi kan omi bá ṣe fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe yára yòrò tó. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ègé oògùn kan tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ní ojú tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6 níbùú-lóòró. Bí a bá gé e sí wẹ́wẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju 100 nánómítà lọ (nánómítà 1 ni ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà), ojú gbogbo wọn pọ̀ á fẹ̀ tó mítà 60 níbùú-lóòró, ó ju yàrá-àti-pálọ̀ lọ dáadáa. Oògùn kan náà ni, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì yí padà.

Àwọn apòògùn ti ń jèrè ìmọ̀ yìí tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó máa pe orúkọ nánò. Griseofulvin, oògùn làpálàpá tí ọ̀pọ̀ ìyá nílẹ̀ wa mọ̀, jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Láti ara èbu ni wọ́n ti yọ ọ́ ní 1939. Nígbà tí wọ́n wá lọ̀ ọ́ kúnná sí ìwọ̀n máíkírómítà díẹ̀ (máíkírómítà tóbi ju nánómítà lọ fíìfíì) ní àwọn ọdún 1960, nǹkan bí ìdajì ohun tí aláìsàn ń gbé mì tẹ́lẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n lílọ gbígbẹ ní ibi tó ń mọ. Tí ìyẹ̀fun bá ti kúnná jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra.

Ibi tí ọ̀nà àbáyọ gbà wá ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìtàn yìí: ilé iṣẹ́ fíìmù fọ́tò ni. Ní 1988, Eastman Kodak ra Sterling Drug, ilé iṣẹ́ apòògùn. Àwọn ará Kodak ti mọ bí wọ́n ṣe ń lọ àwọ̀ tí kì í yòrò títí yóò fi kúnná tó ohun tí a lè tẹ́ sórí fíìmù. Gary Liversidge àti Kenneth Cundy mú ọgbọ́n yìí wọ inú egbòogi: wọ́n da oògùn sínú omi pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ máa yí i títí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà yóò fi fọ́ ọ túútúú. Wọ́n tún fi èròjà kan sí i tó ń bo ara ègé kọ̀ọ̀kan. Èròjà yìí gan-an ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà, nítorí láìsí i, àwọn ègé náà á tún so pọ̀, gbogbo wàhálà lílọ á sì já sí asán. Wọ́n gba ìwé àṣẹ onímọ̀ fún un ní 1992.

Ẹ̀rí tó mú kí ayé gbọ́ dé ní 1995. Wọ́n fún àwọn ajá ní danazol, oògùn kan tí kì í fẹ́ yòrò. Èyí tí ègé rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi máíkírómítà 10, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló wọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Èyí tí wọ́n lọ dé 169 nánómítà, ìdá 82 ló wọlé.

Oògùn àkọ́kọ́ tó gba ọ̀nà yìí dé ọjà ni Rapamune, tó ń dènà kí ara má baà kọ kíndìnrín tí wọ́n pààrọ̀. Ilẹ̀ erékùṣù Rapa Nui, láàárín òkun Pàsífíìkì, ni wọ́n ti rí kòkòrò tó ń pèsè rẹ̀. Olómi ni ní 1999: inú fíríìjì ló ń gbé, omi tàbí omi ọsàn ni wọ́n fi ń pò ó mu. Ní 2000, lílọ tí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná sọ ọ́ di hóró. Lẹ́yìn náà ni Emend dé ní 2003, fún èébì tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ máa ń fà. Kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ kúnná, àfi kí aláìsàn jẹun kó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ta ni yóò wá fi ipá jẹun nígbà tó ń bì?

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rí báyìí o. TriCor, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí Abbott ń tà nígbà náà, jẹ́ kápúsù ní 1998, ó di hóró ní 2001, ó sì di nánò ní 2004. Òótọ́ ni pé ti 2004 kò béèrè oúnjẹ mọ́. Ṣùgbọ́n Teva, tó ń ṣe ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú, fẹ̀sùn kan Abbott ní kóòtù pé ìgbàkigbà tí ẹ̀dà bá fẹ́ dé ni wọ́n ń pa àwọ̀ dà. Èmi ò rò pé ẹjọ́ ẹnu lásán ni.

Ti jẹjẹrẹ gba ọ̀nà mìíràn. Paclitaxel kì í yòrò nínú omi, nítorí náà èròjà tí wọ́n fi òróró lárà ṣe ni wọ́n fi ń pò ó, ìyẹn gan-an sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ lára aláìsàn. Abraxane, tó dé ní 2005, so ó mọ́ albumin, pùròtéènì inú ẹ̀jẹ̀ wa, ní nǹkan bí 130 nánómítà. Ó lè wọ ara tán láàárín 30 ìṣẹ́jú, nígbà tí ti àtijọ́ sábà máa ń gba wákàtí 3.

Lónìí, àìyòrò náà fúnra rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń wá. Cabotegravir, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ìparí 2021 láti fi dènà HIV, jẹ́ ègé nánò tí wọ́n ń gún sínú iṣan ìdí lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì-méjì. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí, tó ń yòrò díẹ̀díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn rẹ̀ ní 2022. Aláìsàn tí hóró bá ṣe ní jàǹbá lè dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́la, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yìí kò ṣeé fà yọ: ìyókù rẹ̀ lè wà lára fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n gún un kẹ́yìn. Ìdí nìyí tí àwọn olùṣèwádìí fi kọ́kọ́ fún àwọn èèyàn ní hóró rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà tí wọ́n ń ṣèwádìí rẹ̀, kí wọ́n lè rí i bóyá ara wọn yóò gbà á.