Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n ojú a máa rí ohun tí ọkàn kò gbà. Ọdún 1978 ni sátẹ́láìtì Nimbus-7 bẹ̀rẹ̀ sí wọn ósóònù, èyí tí ó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán olóró oòrùn. Nígbà tí ìwọ̀n náà lọ sílẹ̀ jọjọ lókè Antarctica, kọ̀ǹpútà fi àmì iyèméjì sí i. Ní 1985, Joseph Farman àti akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, tí ẹ̀rọ tiwọn wà lórí ilẹ̀ ní Halley Bay, kéde àdánù náà. Ìgbà náà ni sátẹ́láìtì wá fi bí ó ti gbòòrò tó hàn. Ní 1987, àdéhùn Montreal gbé òfin kalẹ̀ láti dín àwọn kẹ́míkà tí ó fà á kù. Lójú tèmi, ẹ̀rọ lè ríran. Ènìyàn ni yóò gbà á gbọ́.