Nígbà tí ọkàn kò lè fa ẹ̀jẹ̀ mọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Zuba. Ẹ má bínú, ohùn mi á gùn díẹ̀ lónìí. Ẹ rántí ẹ̀gbọ́n wa tó ń ta ọsàn. Àyà ń dùn ún, òógùn tútù bò ó, a ní ooru ni, a bu omi sí i lórí. Ẹnì kan tún fà á ní dírípù. Kí a tó dé ọsibítù, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù. Ó lọ.

Kì í ṣe àwa nìkan. July 7, 1998, níbí ní Abuja, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ń bá àwọn aṣojú Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ara rẹ̀ yí padà. Ọjọ́ náà ló kú. Àwọn dókítà òkèèrè tó yẹ òkú rẹ̀ wò ní àìsàn ọkàn ni. Ọ̀pọ̀ wa kò gbà dòní. N kò dá ẹjọ́ yẹn. Bó ṣe yá tó ni kí ẹ fi ṣọgbọ́n.

Ẹ wo ọkàn bíi pọ́ǹpù bórèhóòlù. Bí háàtì àtáàkì bá ba apá ńlá nínú rẹ̀ jẹ́, omi kò ní dé ẹnu ẹ̀rọ mọ́. Ọpọlọ àti kíndìnrín á máa wá ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ni ṣọ́ọ̀kì.

Ní 1912, dókítà James Herrick ní Chicago kọ̀wé pé iṣan ọkàn lè dí kí ènìyàn má sì kú lójú ẹsẹ̀. Ní 1967, Killip àti Kimball ní New York pín aláìsàn 250 sí ọ̀nà mẹ́rin. Nínú àwọn tó ti wọ ṣọ́ọ̀kì, bí 81 nínú 100 ló kú. Ní 1999, ìwádìí kan lórí ènìyàn 302 fi hàn pé bí wọ́n bá tètè la iṣan tó dí, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bí 50 nínú 100 ló kú. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi oògùn tọ́jú, 63. Ó ṣì burú, ṣùgbọ́n ẹ̀mí mẹ́tàlá kì í ṣe kékeré.

Nítorí náà, àyà dídùn, òógùn tútù, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tútù, mímí kíkankíkan, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara mọ́, ìtọ̀ tó dínkù, bípì tó lọ sílẹ̀ sábẹ́ 90: ẹ má dúró. Ẹ má jẹ́ kó rìn. Bí mímí bá nira, ẹ gbé e jókòó. Ẹ má fà á ní dírípù fúnra yín; omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá dá, tí àspírìn kì í bá a jà, tí kò sì ní ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú, kó jẹ ẹyọ 300 lẹ́nu. Bí kò bá mọ ibi tó wà mọ́, ẹ má fi nǹkan sí i lẹ́nu. Ẹ pe 112, tàbí kí ẹ wá mọ́tò, kí ẹ kọjú sí ọsibítù ńlá ní Gwagwalada. Ẹ sọ fún wọn pé àyà ló ń dùn ún, kí wọ́n tètè yẹ ọkàn rẹ̀ wò.

Ọjà á dúró dè wá, ọkàn kò ní dúró. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó wà ní páàkì. Ó dàbọ̀.