Àkàsọ̀ Oyè Ìbàdàn

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, bí ọ̀rọ̀ oyè ti rí nìyí: ọmọ ọba ni ó ń jọba. Ìbàdàn kò gba ọ̀nà yẹn. Àwọn jagunjagun tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 1829 wá láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá. Kò sí ìdílé kan láàrin wọn tí ó lè sọ pé ti òun nìkan ni ipò olórí. Wọ́n ní láti wá ọ̀nà mìíràn.

Àkàsọ̀ ni wọ́n rí. Ọ̀wọ́ oyè méjì ni ó wà: ti Baálẹ̀, tí a ń pè ní Olúbàdàn láti ọdún 1936, àti ti Balógun. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń gun méjèèjì. Bí ẹni tí ó wà lókè bá kú, àwọn tí ó tẹ̀ lé e yóò sún sókè ní ipele kọ̀ọ̀kan.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ojú ogun ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olóyè wọ̀nyí. Àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú lè fara mọ́ ológun kan, kí ó sì máa bá a lọ sí ogun. Bí ó bá ṣe bí akọni, òun náà yóò kó ọmọ-ogun jọ, oyè yóò sì tọ̀ ọ́ wá. Lábẹ́ Balógun Ìbíkúnlé ni Ògúnmọ́lá ti ja ogun Ìjàyè láti 1860 sí 1862. Nígbà tí ó fi di Baṣọ̀run ní 1865, kò sí ẹni tí ó ń béèrè ohun tí ó lè ṣe. Wọ́n ti rí i.

Ní 1893, àgọ́ ogun Kírìjì tú ká, Ìbàdàn sì bọ́ sábẹ́ àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tí yóò gbàdúrà pé kí ogun padà wá, nítorí ọ̀pọ̀ ìlú ni ó parun, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì di ẹrú. Ṣùgbọ́n àkàsọ̀ dúró, iṣẹ́ tí a fi ń dán olóyè wò lórí rẹ̀ sì lọ. Sùúrù àti ẹ̀mí gígùn ni ó gba ipò rẹ̀. Ẹni ọdún 79 ni Ọba Lékan Balógun nígbà tí ó gorí ìtẹ́ ní 2022. Ẹni ọdún 89 ni Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́yìn ní 2024. Kò tíì pé ọdún kan lórí ìtẹ́ tí ó fi wàjà.

A kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín àkàsọ̀ náà. Kí ipò tó ṣófo ni ará ìlú ti máa ń mọ ẹni tí ó kàn, èyí sì ń dín ìjà oyè kù. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́, ìjọ àti ilé-iṣẹ́ wa tí wọ́n ń fi iye ọdún tí ènìyàn ti lò yan olórí ní láti ronú. Ipele nìkan kọ́ ni ó sọ Ògúnmọ́lá di aṣíwájú. Iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ lórí ipele náà ni.