Ta Ló Láṣẹ Lórí Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Ojú Omi?

Bí a bá relé nígbà Kérésì tàbí Iléyá, ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kó ìdílé wọ ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó, a ó gbafẹ́ lọ sí etíkun Tarkwa Bay. Àwọn kan tilẹ̀ ń gbèrò láti ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa fi jẹun lọ́jọ́ ogbó. Ohun tí wọ́n ń bi wá ni pé, ọwọ́ ìjọba wo ni ká ti gbàṣẹ: ti ìpínlẹ̀ ni, àbí ti àpapọ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn, odò Ọya tí àwa ará Onitsha ń wò lójoojúmọ́ ni ìtàn náà sì ti ṣẹ̀.

Ní 1885, àwọn òyìnbó péjọ sí ìlú Berlin, wọ́n fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ oníṣòwò orílẹ̀-èdè gbogbo lè máa ná odò Ọya fàlàlà. Ẹnu lásán ni. Ní 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company láṣẹ lórí odò náà, owó bodè tí wọ́n ń gbà kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn rọ́nà lọ. Àwọn ará Nembe ní Brass, tí wọ́n ti ń tukọ̀ ra epo lókè odò tipẹ́tipẹ́, wá di àlejò lórí omi tí bàbá wọn ń ná. Ní January 1895, wọ́n kọlu ibùdó ilé-iṣẹ́ náà ní Akassa, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwọn òyìnbó pè é ní ọ̀tẹ̀. Àwa oníṣòwò mọ̀ pé ìjà oúnjẹ òòjọ́ ni.

Nígbà tí ọdún 1900 wọlé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ gba odò náà. Láti ìgbà yẹn, ìjọba tó wà láàárín kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìwé òfin 1999 dárúkọ odò Ọya gan-an, ó sì fi omi tí òkun ń rú wọ̀ kún un. Ṣáájú èyí, ìjọba ológun ti fi òfin kẹtàlá ti 1997 dá àjọ NIWA sílẹ̀, Lọ́kọ́ja ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Kì í ṣe odò Ọya àti Bẹ́núè nìkan ni òfin yẹn kà. Ọ̀nà omi láti Bàdágìrì, gba inú ọ̀sà Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́ títí dé Òkìtìpupa, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Báyìí ni òfin odò wa ṣe bá wọn délé l'Ékòó.

Ní 2008, ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin tirẹ̀, ó dá àjọ LASWA sílẹ̀. Àjọ méjì wá wà lórí omi kan ṣoṣo. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ní ń fara gbá. Ṣùgbọ́n koríko tibí yìí gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ojú omi ìgbafẹ́ àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa yanrìn ló pẹjọ́, pé kí wọ́n sọ ẹni tí àwọn máa sanwó fún. Ní 2014, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ dá NIWA láre. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, ó ní omi tí kò jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ Èkó, ti Èkó ni. Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún méje kí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ tó parí ẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù January 2024, wọ́n ní àṣẹ lórí ìrìnnà ojú omi abẹ́lé, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà, NIWA ni yóò sì máa lò ó.

Lójú tiwa, Èkó náà kò ṣàìní ẹjọ́ rò, nítorí ẹni tí omi wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ ké sí bí ọkọ̀ bá dànù. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ti wáyé, kò sì sí ilé-ẹjọ́ mìíràn lókè èyí. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ìgbafẹ́ nínú wa, kó béèrè ìwé NIWA lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kó tó tú àpò.