Ọmọ Ìyá Kan Náà Tí Ọkọ̀ Méjì Gbé Lọ

Ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún a máa sọ ti àwọn baba ìjọ àti ti ilé tí wọ́n kọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa fẹ́ fi ìtàn kan kún un, èyí tí ó kan àwọn aládùúgbò wa ní Ọjọ́, ní Ìbà, àti ní Òkókómáíkò, àwọn tí ń lọ sí ilé Ọlọ́run ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi gẹ́gẹ́ bí àwa náà, tí wọn kì í sì í wọ ẹnu ọ̀nà kan náà pẹ̀lú wa. Àwọn ará wa nínú Ìjọ Àgùdà ni à ń wí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìjà àwọn òyìnbó nìkan ni ó pín wa níyà. Òtítọ́ ni pé Martin Luther gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní Jámánì ní ọdún 1517, àti pé Ọba Henry Kẹjọ ya Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lábẹ́ Póòpù ní ọdún 1534. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nípa àríyànjiyàn lórí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni ìpínyà náà fi wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ọkọ̀ ẹrú ni ó gbé e wá.

Ẹni tí ó bá dúró ní etí ọ̀sà ní ìlú Ọjọ́ ń wo omi tí ó so Àgbádárìgì mọ́ Èkó. Èbúté tí a ti ń ta ènìyàn ni ìlú méjèèjì jẹ́ nígbà kan rí. Nígbà tí ogun ń fọ́ ìlú kiri ní ilẹ̀ wa, àwọn tí a kó lẹ́rú ń ti ibẹ̀ wọ inú òkun, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì gbà. Àwọn kan dé Bàràsílì àti Kúbà. Níbẹ̀ ni a ti rì wọ́n bọmi nínú Ìjọ Kátólíìkì. Àwọn mìíràn bọ́ sí ọwọ́ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn òfin ọdún 1807 tí ó ka òwò ẹrú léèwọ̀. A sọ wọ́n kalẹ̀ ní Sàró, níbi tí C.M.S. àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gbé kọ́ wọn ní ìwé àti ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹnì kan péré. A kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Ní ọdún 1822 a fi í sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ náà, a sì gbé ọmọ náà lọ sí Sàró, níbi tí a gbé rì í bọmi ní ọdún 1825 pẹ̀lú orúkọ Samuel Crowther. Ní ọdún 1864 a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù nínú kàtídírà Canterbury. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ogun náà bá ti pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé, Àjàyí ì bá di ẹrú ní òkè òkun, ó sì ṣeé ṣe kí ó padà wálé gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìjọ Àgùdà. Àwọn mìíràn tí wọ́n kúrò ní èbúté kan náà ni ọkọ̀ ogun kò bá pàdé.

Nígbà tí ó yá, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842; Henry Townsend ti C.M.S. dé ibẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní Èkó, àwọn tí ó ti Bàràsílì dé tẹ Pópó Àgùdà dó, wọ́n sì ń gbàdúrà láìní àlùfáà, nígbà tí ẹnì kan nínú wọn, ẹrú tí ó ti di òmìnira, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Padre Antonio, ń ṣe olórí wọn. Fadá Borghero bẹ̀ wọ́n wò ní ọdún 1863. Ní ọdún 1868 ni Fadá Bouche wá bá wọn jókòó. Ní ọdún 1876 àwọn Fadá dá oko ńlá sílẹ̀ ní Tọpo, lẹ́bàá Àgbádárìgì. Báyìí ni ìjọ méjèèjì ṣe mọ ọ̀nà ọ̀sà wa.

Ará kan ni wọ́n, ṣùgbọ́n èkínní ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ń sọ Potogí. Olúkúlùkù kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ọmọ a sì máa ṣe ìgbàgbọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ó gbà á. Òfin òkèèrè tún mú kí odi náà ga sí i. Ní ọdún 1896 Póòpù Leo Kẹtàlá kéde pé oyè àlùfáà ti Ìjọ Áńgílíkà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti Àjíǹde ọdún 1908, Róòmù kò ka ìgbéyàwó ọmọ Àgùdà sí bí kì í bá ṣe níwájú Fadá.

Lónìí, àdúgbò wa kì í ṣe ti ẹ̀yà kan mọ́. Àwọn Àwórì tí wọ́n ni ilẹ̀ ń bá àwọn Ògù gbé; ọjà Alaba àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, sì ti fa èrò wá láti ibi gbogbo. Àwọn tí ó ti òkè Ọya wá mú ìtàn tiwọn dání: C.M.S. dé Onitsha ní ọdún 1857, àwọn Fadá dé ibẹ̀ ní ọdún 1885, ìdíje wọn kò sì kéré. Nínú ilé kan náà, ọkọ lè jẹ́ ọmọ Áńgílíkà, kí ìyàwó jẹ́ ọmọ Àgùdà.

A dúpẹ́ pé odi náà ti ń wó. Ní ọdún 1964 Àpérò Vatican Kejì pè wá ní ará. Ní ọdún 1976 a dá Ẹgbẹ́ Onígbàgbọ́ Nàìjíríà sílẹ̀, tọ̀túntòsì sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1982 Póòpù John Paul Kejì bá Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Runcie kúnlẹ̀ gbàdúrà ní Canterbury, nínú ilé tí a gbé fi Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún 1999 àwọn ọmọ Luther àti Róòmù fi ohùn kan sọ pé nípa oore-ọ̀fẹ́ ni a fi dá wa láre, Ìgbìmọ̀ Áńgílíkà àgbáyé sì tẹ́wọ́ gbà á ní ọdún 2016. Bí a bá sì ti fi omi ṣe ìrìbọmi ní orúkọ Baba, Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́, Róòmù kì í tún un ṣe.

Síbẹ̀, a kò ì tí ì jọ jẹun ní tábìlì Olúwa kan náà, ìkéde ọdún 1896 kò sì tí ì parẹ́. Ibi tí ó gbé ń dun ènìyàn jù ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Nígbà kan rí, àwọn méjèèjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé Àgùdà ni gbogbo ọmọ yóò jẹ́. Láti ọdún 1970, ọmọ Àgùdà nìkan ni ó ń ṣèlérí láti sa gbogbo ipá rẹ̀. A kàn ń fi í tó ẹnìkejì létí ni. Bíṣọ́ọ̀bù wọn sì lè gbà, bí ìdí tí ó tọ́ bá wà, kí a so wọ́n pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tiwa. Àwọn ìdílé tí kò mọ̀ pé ọ̀nà yìí wà lè tú àdéhùn ká lásán, tàbí kí òbí kọ̀ láti wá síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, àwa ń fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ ẹ̀yin àlùfáà wa: nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá tọ̀ yín wá, ẹ rìn lọ sí ọ̀dọ̀ Fadá kí ìdílé tó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ yín, nítorí odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kì í ṣe àwọn baba wa ni wọ́n yan ọkọ̀ tí ó gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n àwa tí a jogún ìpínyà náà ni ó kù sí lọ́wọ́ láti mú ìlàjà dé. Kí Olúwa, ẹni tí ó kó wọn padà wálé, kó gbogbo wa jọ sínú agbo kan. Àmín.